Àdàkọ Ojú Màríà

Omi ojú ọkùnrin náà ni Tanneken kọ́kọ́ rí, kó tó rí ọkùnrin náà fúnra rẹ̀.

Ó dúró níwájú pẹpẹ nínú ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan ní ìlú Leuven, ó ti ṣí fìlà, ó gbá a mọ́ àyà. Ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé mú ẹ̀gbẹ́ kan ojú rẹ̀. Omi náà yọ ní igun ojú, ó dúró díẹ̀ lórí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó wá rọra ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ imú lọ sínú irùngbọ̀n. Lókè orí rẹ̀ ni àwòrán ńlá náà wà: wọ́n ń gbé òkú Olúwa sọ̀kalẹ̀ látorí àgbélébùú, ìyá rẹ̀ ti dákú sílẹ̀ nínú aṣọ búlúù, àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀ sì yí i ká.

Mechelen ni Tanneken ti wá. Òjò ti jò sórí ìwé tí òun àti bàbá rẹ̀ fi ń da àwòrán náà kọ, ó sì ti ba ibi tí ojú Màríà wà jẹ́, ìdí nìyí tó fi wá láti tún un yà. Ṣùgbọ́n ó dúró sójú kan. Láti kékeré ló ti ń kun omi ojú. Ẹ̀kán ọ̀dà funfun kan, ìlà eérú tẹ́ẹ́rẹ́, ó parí. Kò tíì sí ọjọ́ kan tí ó sún mọ́ ẹni tó ń sunkún tó báyìí láìjẹ́ pé onítọ̀hún sáré fi ọwọ́ bo ojú. Ọkùnrin náà gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má nù ún!" Ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ lẹ́nu Tanneken kó tó mọ̀.

Ọkùnrin náà yí padà wìrì. "Kí lẹ wí?"

"Omi ojú yín. Ẹ jẹ́ kó ṣàn délẹ̀. Mo fẹ́ rí ọ̀nà tó máa gbà."

Ó wo obìnrin náà. Ó rí èédú lọ́wọ́ rẹ̀ àti ìwé tó ká sí abíyá. Ó bú sẹ́rìn-ín pẹ̀lú ojú rẹ̀ tó tutù. "Ẹ ò tiẹ̀ bi mí léèrè ohun tó ń pa mí lẹ́kún?"

Ojú ti Tanneken. "Ẹ má bínú. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Eruku ló kó sí mi lójú."

"Eruku Leuven mà le o. Ojú méjèèjì ló kó sí."

Báyìí ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀. Ó ní Gommaar lorúkọ òun, agbẹ́nà lòun, ní Lier. Pákó igi óákù tí àwọn ayàwòrán ń yàwòrán sí ni òun ń ṣe. Tanneken náà dá orúkọ ara rẹ̀ pè, ó dá ti bàbá rẹ̀, Anthonis Roelants, pè mọ́ ọn. Ọkùnrin náà gbé ojú kúrò lára rẹ̀ nígbà tó gbọ́ ọ, ó nawọ́ sí òkè pẹpẹ.

"Ṣé ọwọ́ ọ̀gá tó kọ́kọ́ yà á nìyí?"

"Rárá o. Ọba ti gbé tiẹ̀ lọ sí Sípéènì kí wọ́n tó bí mi. Àdàkọ ni èyí. Tiwa nílé, àdàkọ àdàkọ ni."

"Ẹ ò wá rí èyí tí ọ̀gá yà gan-an rí?"

"Kò sẹ́ni tó rí i nílé wa."

"Ẹ sì ń yà á lójoojúmọ́?"

Tanneken tẹ́ ìwé rẹ̀ sórí ìjókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn tẹ̀ lé e délé, ó bá a wọlé, kò sì lọ.

*

Ilé wọn wà létí odò Dijle, ní òpópónà tí ìdajì àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ti kó lọ. Nígbà tí ogun ẹ̀sìn le, àwọn kan sá gba òkè òkun, àwọn kan kọjá sí Holland, koríko sì ti hù lẹ́nu ọ̀nà wọn. Àwọn ọmọbìnrin tí Tanneken bá ṣeré ní kékeré ti lọ́kọ lọ́nà jíjìn. Ẹni tó kù fún un ládùúgbò kò ju Barbel lọ, opó kan tó ń ta búrẹ́dì ní òdìkejì, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́.

Ọwọ́ Anthonis ti ń gbọ̀n, nǹkan funfun sì ti bo ojú rẹ̀ méjèèjì. Orúkọ rẹ̀ ni àwọn fádà abúlé ń bá wá sílé, torí pé ní ọdún ìfọ́ère, nígbà tí àwọn onísìn titun gbé àáké wọ àwọn ṣọ́ọ̀ṣì, pẹpẹ púpọ̀ ló ṣófo. Gbogbo wọn ló fẹ́ ohun kan náà: Ìsọ̀kalẹ̀ Olúwa, bí ọ̀gá àtijọ́ ṣe yà á. Tanneken ló ń yà á. Ó mọ gbogbo àwọn aṣọ̀fọ̀ inú àwòrán yẹn bí ẹni mọ ará ilé. Ó mọ èyí tí ojú rẹ̀ wú, ó mọ èyí tó fi aṣọ bo ẹnu. Iwájú wọn ló ti ń jẹ oúnjẹ ọ̀sán, nígbà tí bàbá rẹ̀ bá ń tòògbé lẹ́bàá iná. Nígbà mìíràn a máa rò ó pé òun ti wo ojú àwọn wọ̀nyí débi pé òun kò mọ ti ara òun mọ́. Kò sẹ́ni tó ń wo òun náà.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oṣù kan lẹ́yìn Leuven kí ó tó gbọ́ ohùn Barbel níta.

"Tanneken! Ọkùnrin kan gbé ilẹ̀kùn dé o! Àbí ògiri ni?"

"Pákó ni, ìyá," Gommaar dáhùn lábẹ́ ẹrù tó gbé. "Ẹ bá mi kan ilẹ̀kùn, ọwọ́ mi kò yọ."

"Ta ló rán ọ níṣẹ́ pákó?"

"Kò sẹ́ni."

"Háà! Pákó tí kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́!" Barbel pàtẹ́wọ́. "Tanneken, tètè ṣílẹ̀kùn, kó má baà gbé e wá sọ́dọ̀ mi."

Láti ọjọ́ náà, bí Gommaar bá ti ní iṣẹ́ ní Mechelen, ó ń yà sọ́dọ̀ wọn. Nígbà tó yá, ó ń yà bí kò bá tilẹ̀ níṣẹ́. Yóò jókòó sórí àpótí, yóò máa fi ọ̀bẹ gbẹ́ ìṣó onígi, yóò sì máa wo bí Tanneken ṣe ń kun ọ̀dà. Anthonis fẹ́ràn ohùn rẹ̀. Ó sọ pé ó pẹ́ tí ọkùnrin ti rẹ́rìn-ín nínú ilé náà.

"Ọkùnrin orí àkàsọ̀ inú àwòrán yìí," Gommaar wí lọ́jọ́ kan, "òun nìkan ni kì í sunkún. Kí ló dé?"

"Mi ò mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà nínú ìwé."

"Iṣẹ́ ló ń ṣe, jàre. Tó bá sunkún, yóò já Olúwa lulẹ̀."

Tanneken rẹ́rìn-ín títí búrọ́ọ̀ṣì fi yẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. "Wò ó, o ti mú kí n fi ọ̀dà pupa sí Jòhánù nímú."

"Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Òtútù ló mú un."

Nígbà tí Anthonis bá ti sùn, ọ̀rọ̀ wọn a lọ sílẹ̀. "Tanneken mi," Gommaar sọ ní ọ̀sán ọjọ́ kan, "gbé ojú sókè."

"Fún kí ni?"

"Kí n lè rí i. O máa ń fi ẹ̀yìn ọrùn rẹ gbà mí lálejò."

"Ẹ̀yìn ọrùn mi kò dára?"

"Ó dára. Mo ti mọ̀ ọ́n tán. Ó kù iwájú."

Ó gbé ojú sókè. Ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti wò ó bẹ́ẹ̀, láìjẹ́ pé onítọ̀hún ń wá nǹkan mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. Ara rẹ̀ gbóná, ó sì bà á lẹ́rù díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ṣí fèrèsé lé lójijì.

"Mo fẹ́ bá Bàbá sọ̀rọ̀," Gommaar wí. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń sọ ọ́, ojú rẹ̀ kò tú ká. Tanneken rò pé ìtìjú ni.

*

Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n jókòó sídìí oúnjẹ, ẹja oníyọ̀ àti búrẹ́dì dúdú, bíà nínú kọ́ọ̀pù. Gommaar sọ ohun tó wá sọ, pé òun fẹ́ fi Tanneken ṣaya. Inú Anthonis dùn, ó na ọwọ́ gbígbọ̀n rẹ̀ wá ti ọkùnrin náà kiri lórí tábìlì.

"Mo ti ń retí rẹ̀," ó wí. "Àní Barbel ti sọ fún gbogbo ìlú. Ó dára, ọmọ ta ni ọ́ ní Lier? Orúkọ bàbá rẹ ńkọ́?"

Gommaar gbé kọ́ọ̀pù rẹ̀ kalẹ̀. "Ọmọ Wouter Leys ni mí, Bàbá."

Ọwọ́ arúgbó náà dúró lórí tábìlì. Ó fà á padà díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó fọwọ́ kan ohun gbígbóná.

"Wouter Leys. Wouter Leys Wezelbeke?"

"Òun ni."

Tanneken mọ orúkọ abúlé yẹn, ṣùgbọ́n ohun tó mọ̀ nípa rẹ̀ kò tó nǹkan. Ó mọ̀ pé kó tó di pé bàbá òun ń ṣe àdàkọ, ó ti yàwòrán kan tó jẹ́ tirẹ̀, tó fi orí ara rẹ̀ rò, fún pẹpẹ Wezelbeke. Ní ọdún ìfọ́ère wọ́n fi àáké là á. Láti ìgbà náà kò fi orí ara rẹ̀ ro ohunkóhun mọ́.

"Bàbá rẹ ló ṣáájú wọn," Anthonis wí. "Ẹni tó wà níbẹ̀ ló sọ fún mi. Ó ní ó ń kọrin bó ṣe ń là á. Jáde."

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n—"

"Jáde kúrò nílé mi!"

Tanneken lé Gommaar bá lórí afárá. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti ojú odò, kò sì mú ìborùn jáde.

"O mọ̀," ó wí. "Láti ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Láti Leuven. Bí o ṣe dárúkọ bàbá rẹ, mo mọ̀."

"O sì ń wá jókòó tì wá. O ń jẹ búrẹ́dì wa. O ń pa á lẹ́rìn-ín!"

"Ojoojúmọ́ ni mo ń sọ pé lónìí ni n óò sọ ọ́. Bí mo bá ti dé, o ti rẹ́rìn-ín, ẹnu mi a sì wúwo. Tanneken, ọmọdé ni mí nígbà náà."

"N kò sọ pé ìwọ lo gbé àáké. O gbé irọ́ wá sílé mi, ìyẹn ni mo ń sọ."

Gommaar dúró pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́ títí Tanneken fi yí padà. Nígbà tó wọlé, bàbá rẹ̀ kò bi í ní ibi tó lọ. Ó kàn sọ pé, "Èmi tàbí òun," ó sì yí ojú sí iná.

*

Ìgbà òtútù ọdún náà gùn. Odò Dijle dì, ariwo ọkọ̀ ojú omi sì dákẹ́. Gommaar kò wá. Tanneken ń jí, ó ń dáná, ó ń lọ ọ̀dà, ó ń kun ojú àwọn aṣọ̀fọ̀. Òun àti bàbá rẹ̀ lè wà láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú kí wọ́n má sọ ju "oúnjẹ ti délẹ̀" lọ. Ó ń bínú sí Gommaar. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í bínú pé ìbínú náà ti ń tán, torí nígbà tó bá tán, kò mọ ohun tí yóò kù lọ́wọ́ òun.

"Ṣé o máa kú sídìí àwọn èèyàn onígi yẹn ni?" Barbel bi í ní ẹnu ọ̀nà.

"Wọn kì í ṣèké."

"Wọn kì í sì í dáná fúnni, ọmọ mi. Gba búrẹ́dì rẹ."

Nígbà tí yìnyín ń yọ́, fádà Wezelbeke wọlé. Ó ní ó ti rẹ àwọn ará ìjọ òun láti máa kúnlẹ̀ síwájú ògiri òfìfo. Ó mọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí Anthonis níbẹ̀, ó sì mọ̀ pé ó lè lé òun jáde, ṣùgbọ́n Ìsọ̀kalẹ̀ Olúwa láti ọwọ́ rẹ̀ ni àwọn àgbà ìjọ fẹ́. Arúgbó náà yíjú kúrò níbi iná, ó ní, "Àdàkọ ni wọn óò gbà. N kò ní òmíràn."

Fádà ti mú pákó iṣẹ́ náà dání wá. Anthonis fi ìka rẹ̀ wá ibi tí wọ́n so pákó pọ̀, kò rí i. "Ẹni tó ṣe èyí mọ iṣẹ́," ó wí. Tanneken mọ ọwọ́ tó ṣe é. Ó kun funfun sórí rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, gbogbo àkókò Lẹ́ńtì ló sì fi ń yà á.

*

Lẹ́yìn Àjíǹde ni wọ́n fi kẹ̀kẹ́ ẹṣin gbé e lọ. Anthonis ní òun yóò bá wọn lọ bí ojú òun kò bá tilẹ̀ ríran. Nígbà tí wọ́n wọ ṣọ́ọ̀ṣì, Tanneken rí Gommaar lórí àkàsọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ, okùn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti rù. Ojú wọn pàdé, Gommaar ló kọ́kọ́ gbé tirẹ̀ kúrò.

Wọ́n fa àwòrán náà sókè, wọ́n kàn án mọ́ ògiri. Àwọn ará abúlé kúnlẹ̀. Ìyá arúgbó kan ń sọ léraléra pé, "Ẹ wò ó, ẹ wò ó," ó sì ń na ẹ̀wù ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Fádà fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àdúrà, ṣùgbọ́n Gommaar ti sọ̀kalẹ̀, ó dúró sí iwájú gbogbo wọn.

"Ẹ dákun, ẹ gbọ́ mi. Ọmọ Wouter Leys ni mí."

Ariwo sọ. Ọkùnrin kan dìde, ó tutọ́ sílẹ̀ nítòsí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹlòmíì kígbe pé kí wọ́n fà á jáde. Gommaar kò kúrò níbẹ̀.

"Bàbá mi ti kú sí Middelburg, kò lè bẹ̀ yín mọ́. Èmi ni mo ń bẹ̀ yín. Igi àwòrán yín ló kó wálé, òun la sì fi yáná. Ọwọ́ mi ló ní kí n máa fi sínú iná. Mo fi gbogbo rẹ̀ sí i, àfi ẹyọ kan. Ojú èèyàn ló wà lára ẹyọ yẹn. N kò lè jó o. Mo fi í pamọ́ sábẹ́ koríko ẹran, mo sì ń lọ wò ó, títí bàbá mi fi rí i, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ jù ú síná. Ojú yẹn ló ń pa mí lẹ́kún lọ́jọ́ tí ẹnì kan rí mi ní Leuven."

Ìgbà náà ni ohùn kan wá láti orí ìjókòó iwájú. Anthonis ló ń sọ̀rọ̀.

"Báwo ni ojú náà ṣe rí?"

Gommaar súnmọ́ ọn, ó kúnlẹ̀.

"Obìnrin ni, Bàbá. Kò dákú bí èyí. Ó dúró, ó ń wo ẹ̀gbẹ́ kan, bí ẹni pé wọ́n pè é láti ibẹ̀. Irun iwájú rẹ̀ yọ lábẹ́ ìborí. Àpá kékeré kan wà lókè ètè rẹ̀."

"Apá wo?"

"Ọ̀tún. Nítòsí igun ẹnu."

Arúgbó náà mi orí. "Ọ̀tún," ó wí. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá a. Mo ti gbàgbé apá tó wà. Mo máa ń jókòó sídìí iná, n ó ní òsì ni, n ó tún ní rárá." Ó yíjú sí ibi tó rò pé ọmọ rẹ̀ wà. "Ìyá rẹ ni, Tanneken. Aleydis. Ọdún tó kú ni mo yà á síbẹ̀. Orí pákó yẹn nìkan ló wà."

Tanneken kò mọ ìyá rẹ̀. Ọmọ ọwọ́ ni nígbà tó kú, bàbá rẹ̀ kò sì fẹ́ kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ níbi tó wà, lórí òkúta tútù. Gommaar ń bá a lọ ní ohùn jẹ́jẹ́, bí ìpéǹpéjú ṣe nípọn, bí àgbọ̀n ṣe yí. Anthonis ń sọ pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni," ó ń sunkún. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn ènìyàn ń jáde. Ẹni tó tutọ́ náà jáde. Wọ́n fi àwọn mẹ́ta sílẹ̀ pẹ̀lú àwòrán titun tí kò sẹ́ni tó ń wò ó mọ́ nínú wọn.

"N kò lè dárí ji bàbá rẹ," Anthonis wí níkẹyìn. "Má bẹ̀ mí sí i."

"N kò ní bẹ̀ yín, Bàbá."

"Ṣùgbọ́n máa bọ̀ nílé. Kò sí ẹlòmíì láyé tó rí i." Ó gbá ọwọ́ agbẹ́nà náà mú, kò sì tètè fi í sílẹ̀.

Lóde, Tanneken bá Gommaar níbi tó ti ń de okùn mọ́ kẹ̀kẹ́.

"Kí ló dé tí o kò wá, gbogbo ìgbà òtútù?"

"O kò pè mí."

"Mo pè ọ́. O kò sí nítòsí láti gbọ́ ni."

Ó fi okùn sílẹ̀. "Báwo lo ṣe pè mí?"

"Bí ẹni tó dá wà ṣe ń pe èèyàn. Nínú ikùn." Ó nu imú rẹ̀. "Má ṣe fi nǹkan pa mọ́ fún mi mọ́, Gommaar. Bó burú, sọ ọ́ bó ṣe burú."

"N ó sọ ọ́."

"Ó dáa, sọ ọ̀kan báyìí."

Ó ronú. "Mo fẹ́ ọ débi pé iṣẹ́ ti bàjẹ́ lọ́wọ́ mi. Nínú gbogbo pákó tí mo ṣe láti ìgbà òtútù, tiyín yìí nìkan ló tọ́."

"Ìyẹn kò burú."

"Ó burú fún àwọn tó ra ìyókù."

Tanneken rẹ́rìn-ín, ó sunkún, ó sì fi orí lé èjìká rẹ̀. "N ó fẹ́ ọ, alákọrí," ó wí, "kí o má baà sọ gbogbo ayàwòrán ilẹ̀ Brabant di alágbe."

*

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ṣègbéyàwó. Èrò kò pọ̀. Anthonis jókòó síwájú, Barbel wọ aṣọ dúdú tó fi sin ọkọ rẹ̀ torí kò ní òmíràn tó dára tó o, àwọn ẹ̀gbọ́n Gommaar sì wà ní òkè òkun níbi tí wọn kò ti lè kọjá wá. Ìjókòó púpọ̀ ló ṣófo. Tanneken wò wọ́n nígbà tó yíjú padà kúrò níwájú fádà, ó ka orúkọ àwọn tí ì bá wá nínú ọkàn rẹ̀, lẹ́yìn náà ó fi apá kọ́ apá ọkọ rẹ̀.

Barbel mú arúgbó náà ṣáájú. Tọkọtaya náà wá gba òpópónà tó lọ sétí odò, láàárín àwọn ilé tí wọ́n ti kan fèrèsé wọn pa. Gommaar ń yára, ebi ń pa á.

"Rọra rìn," Tanneken wí.

"Ẹsẹ̀ ń dùn ọ́ ni?"

"Rárá. Mo fẹ́ kí wọ́n rí wa."

Gommaar wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. "Olólùfẹ́ mi, ta ló kù lójú títì yìí tó máa rí wa?"

"Kò sẹ́ni," ó wí. "Ṣáà rọra rìn."

Ó dín ìrìn rẹ̀ kù, ó tún fìlà rẹ̀ dé, ó na ẹ̀yìn dáadáa. Wọ́n sì rọra rìn kọjá níwájú ilé kọ̀ọ̀kan, títí wọ́n fi délé.